Ìrora Obìnrin Nínú Ìbálòpọ̀ Tọkọtaya: Kò Yẹ Kí A Pa Á Mọ́ra

(Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ọmọ bíbí ìlú yìí bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn ìyá, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí oyún, tàbí ibà, tàbí oúnjẹ ọmọdé. A ti sọ ìwọ̀nyí rí, a ó sì tún máa sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn obìnrin kì í sọ fún wa bí kò ṣe ìgbà tí wọ́n bá dìde láti máa lọ, tí ọwọ́ wọn ti wà lára ilẹ̀kùn, tí wọ́n á wá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, bí bàbá ọmọ mi bá sún mọ́ mi, ńṣe ni ó ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ ya mí." Ọ̀rọ̀ náà ni a gbé wá síwájú yín lónìí.

A mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ láwùjọ. Ìtìjú ni àwọn ìyá wa fi ń bò ó mọ́lẹ̀, a kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà ni à ń fi hàn. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ìrora yìí kì í ṣe ìpín obìnrin, kì í ṣe oríkunkun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀rí pé obìnrin ń ṣe àgbèrè. Àmì ni. Ó ní ìdí, púpọ̀ nínú àwọn ìdí náà ni ó sì ní ìwòsàn. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun nìkan ni èyí ń ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń tọ́jú obìnrin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó obìnrin mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ìrora yìí ń bá pàdé nígbà kan tàbí òmíràn ní ayé wọn. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ìwádìí ńlá kan tí a ṣe láàárín ọdún 2010 sí 2012 fi hàn pé nínú àwọn obìnrin tí ó ní ìbálòpọ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú, ó tó ìpín 7.5 nínú 100 tí ìrora náà bá fínra fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mẹ́tàlá bá jókòó sórí àga kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa ru ẹrù yìí. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Níbo ni a ti kọ́ obìnrin láti dákẹ́? A kò gbọdọ̀ fi òótọ́ pa mọ́: láti alẹ́ ìgbéyàwó ni. Láyé àtijọ́, aṣọ funfun ni a ń tẹ́ fún ìyàwó tuntun, ẹ̀jẹ̀ orí aṣọ náà ni a sì fi ń mọ̀ pé a bá a nílé. Iyì ni fún ìyá àti bàbá rẹ̀, a kò sì sọ pé àwọn baba wa kò mọ iyì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin náà rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìrora àti ẹ̀jẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ilé ọkọ, àti pé ẹni tí ó bá fara dà á ni ọmọ gidi. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Awọ tín-ín-rín tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ojú ara yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn; ti àwọn mìíràn a máa nà láìya. Ọ̀pọ̀ wúńdíá ni kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rárá. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn ní Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé kéde pé kò sí ìmọ̀ ìṣègùn kankan lẹ́yìn yíyẹ obìnrin wò láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ yín mọ́ pé kí ó di eyín rẹ̀ pọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí ó fi ń dunni. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń bi obìnrin ni pé, "Níbo gan-an ni ó ti ń dùn ọ́? Ṣé ní ẹnu ọ̀nà ni, tàbí nínú lọ́hùn-ún?" Ìdáhùn rẹ̀ a máa tọ́ wa sí ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni, ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni gbígbẹ. Ara obìnrin kì í ṣe ìlẹ̀kùn tí à ń fi ipá ṣí. Bí ọkùnrin bá fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí ìfẹ́ rẹ̀ sì jí, omi ara yóò wá fúnra rẹ̀, ojú ara yóò sì rọ̀. Bí a bá kánjú, kò sí omi, awọ yóò máa fi ara gbo awọ, yóò sì bó. Ṣùgbọ́n gbígbẹ lè wá láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú máa ń gbẹ, nítorí pé èròjà ara tí ń mú ojú ara tutù a dín kù ní àkókò náà. Láyé àtijọ́, tọkọtaya kì í súnmọ́ ara wọn títí a ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyẹn sì lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà àwọn ìyá wa kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìṣòro yìí pàdé. Lónìí, tọkọtaya ń padà sọ́dọ̀ ara wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ sì wà lẹ́nu ọmú. Kí ọkọ má ṣe rò pé ìyàwó òun ti kọ òun sílẹ̀. Kí ìyàwó má ṣe rò pé ìbímọ ti ba òun jẹ́.

Bákan náà ni obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, èyí tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 55. Èròjà kan náà ni ó ń dín kù títí lọ, awọ ibẹ̀ a sì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ìyá àgbà wa a máa sọ pé, "Mo ti dàgbà, kí ni mo tún ń fi ìyẹn ṣe?" Bí obìnrin bá fi tinútinú pinnu pé òun kò fẹ́ mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìrora ni ó lé e kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ìwòsàn wà: ìpara tàbí oògùn kékeré tí dókítà ń kọ, tí a ń fi sí ojú ara, tí ń dá èròjà náà padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí mìíràn ni àpá. Obìnrin tí ó ya nígbà ìbímọ, tàbí tí agbẹ̀bí gé láti fàyè sílẹ̀ fún orí ọmọ, lè ní àpá tí ó le tí ó sì ń fà. Àpá tí ó burú jù ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa dá: dídábẹ́ fún ọmọbìnrin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a ṣe é pẹ̀lú èrò pé yóò jẹ́ kí ọmọ níwà. Ohun tí ó ń fà ni àpá líle, kókó ara tí ń dunni, àti ìbẹ̀rù. Òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá kà á sí ọ̀ràn. Ẹni tí ó bá ti ní àpá bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe ro ara rẹ̀ pin. Àwọn dókítà lè tọ́jú rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ.

Àrùn tí ń yún ni náà wà, èyí tí omi funfun tí ó ki bí wàrà dídì ń bá a jáde, àti èyí tí omi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tàbí òórùn burúkú. Oògùn wọn kò le rí, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀kan kọ́ ni oògùn èkejì. Nítorí náà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lò ó. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń ti ara ọkọ ran aya tàbí ti ara aya ran ọkọ, àwọn méjèèjì ni yóò gba ìtọ́jú pọ̀. Bí ọ̀kan bá gbà á tí èkejì kọ̀, omi inú agbọ̀n ni wọ́n ń pọn.

Bí ó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún ni ìrora wà, ìdí rẹ̀ a máa jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtọ̀sí àti àwọn àrùn mìíràn tí a ń kó nínú ìbálòpọ̀ lè gòkè lọ sí ilé ọmọ àti ọ̀nà ẹyin, kí wọ́n sì dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Irú ọgbẹ́ yìí ni ó sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di àgàn tí a ń fi àjẹ́ pè. Kókó inú ilé ọmọ, tí àwọn ènìyàn ń pè ní fàíbírọ́ìdì, náà lè fa ìrora, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó bá jókòó sí.

Àìsàn kan sì tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní endometriosis. Ẹran ara tí ó jọ èyí tí ó wà nínú ilé ọmọ ni ó máa ń hù síta, lára ẹyin, tàbí lẹ́yìn ilé ọmọ, tàbí lára ìfun. Ní ọdún 1927, John Sampson, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ oṣù tí ó bá padà gba ọ̀nà ẹyin lọ sínú ikùn lè gbé e lọ síbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń bá nǹkan bí obìnrin mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jà ní àkókò tí wọ́n lè bímọ. Àmì rẹ̀ ni nǹkan oṣù tí ń dunni dé ibi pé ọmọ kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìrora nínú ìbálòpọ̀, ìrora nígbà ìgbẹ́, àti àìtètè lóyún. A kò tíì rí oògùn tí ń fà á tu pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí ń dá a dúró, iṣẹ́ abẹ sì wà. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin yín bá ń yí gbirigbiri nílẹ̀ ní oṣooṣù, ẹ má ṣe sọ pé, "Bí o bá bímọ, yóò lọ."

Ó ku ìdí kan tí ojú kì í rí. Bí ohun kan bá ti dun ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ara a máa rántí. Ẹni tí iná ti jó rí, bí ó bá rí iná, ọwọ́ rẹ̀ yóò sá kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan tí ó yí ẹnu ọ̀nà ojú ara ká máa ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìbẹ̀rù bá dé, láìjẹ́ pé obìnrin náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí iṣan bá fún, ọ̀nà a há. Bí ọ̀nà bá há, ìrora a pọ̀ sí i. Bí ìrora bá pọ̀ sí i, ìbẹ̀rù a di méjì. Àwọn mìíràn wà tí ọ̀nà náà há dé ibi pé ọkọ kò lè wọlé rárá, tí wọ́n sì ti lo ọdún mélòó kan nílé ọkọ láìlóyún, tí a ń gbé wọn kiri ilé aláwo. Obìnrin tí a fi ipá bá lò rí ni èyí máa ń ṣe nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹni tí ohun kan kò ṣe rí. A kì í fi ìbínú wo irú èyí, a kì í sì í fi ọtí wò ó. Olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ iṣan yóò kọ́ obìnrin náà bí a ti ń mí kanlẹ̀, bí a ti ń tú iṣan sílẹ̀, àti bí yóò ti máa lo ohun èlò kékeré tí ó dán, láti orí èyí tí ó tín-ín-rín dé orí èyí tí ó tóbi jù ú lọ, ní ọwọ́ ara rẹ̀, ní àkókò ara rẹ̀, títí ìbẹ̀rù yóò fi fi í sílẹ̀. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, kí obìnrin sọ ọ́. Kí ó sọ fún ọkọ rẹ̀, kí ó sì wá sí ilé ìwòsàn. A ó bi í ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ti ń dùn ún, bóyá ó ń bá nǹkan oṣù rìn, àti bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí a bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ní kí a dúró, a ó dúró. Ó lè mú ẹni tí ó fọkàn tán dání. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Òyìnbó, ẹ lè sọ pé obìnrin ni ẹ fẹ́ kí ó yẹ̀ yín wò.

Èkejì, ẹ má ṣe fi nǹkan kan sí ojú ara láti fún un pọ̀ tàbí láti gbẹ ẹ́. A ti rí alúmù, ọṣẹ líle, àti àgbo oríṣiríṣi. Ojú ara mọ bí a ti ń fọ ara rẹ̀ nínú. Omi lásán tó fún ìta. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń bó awọ, wọ́n sì ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àrùn.

Ẹ̀kẹta, fún gbígbẹ, ohun yíyọ̀ tí a fi omi ṣe wà ní ilé oògùn, tí a ń tà fún iṣẹ́ yìí gan-an. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo rọ́bà ìdáàbòbò, ẹ má ṣe lo òróró tàbí fasilíìnì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí rọ́bà náà tètè ya.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò gba ìdúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá bá tún rí ẹ̀jẹ̀, kí ó wá kíákíá, kí a lè yẹ ọrùn ilé ọmọ wò, nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Bí ìrora abẹ́ ikùn bá bá ibà rìn, kí ó wá lọ́jọ́ náà. Bí nǹkan oṣù bá fo, tí ìrora líle sì kọ lu ikùn, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kí a gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Oyún lè wà ní ibi tí kò yẹ kí ó wà. Fún àwọn ọmọbìnrin wa, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 láti fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Ẹ má ṣe dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Oògùn tí a ń fún aya yín kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń fi ipá tú ohun tí a fi sùúrù ń dì. Bí ó bá ní ó ń dun òun, ẹ dúró. Ẹ má ṣe bínú jáde lọ sí òde, kí ẹ má baà mú àrùn kún ìrora. Ọ̀nà tí tọkọtaya fi ń fẹ́ràn ara wọn kò mọ ní ẹyọ kan. Ẹ lè wà pẹ̀lú ara yín láìfa ọgbẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin baálé àti ìyálé tí ẹ ń jókòó sí ẹjọ́ tọkọtaya, ẹ̀bẹ̀ wa tí ó ga jù wà lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí ọkọ bá mú ẹjọ́ wá pé aya òun ń kọ òun ní òru, a sábà máa ń bá obìnrin náà wí, a ó ní kí ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, a ó sì dá a padà sílé. A bẹ̀ yín, kí ẹ tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá kan mú obìnrin náà sí kọ̀rọ̀, kí ó bi í ní ìbéèrè kan péré: "Ṣé ó ń dùn ọ́?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ẹjọ́ náà dúró, kí ẹ sì fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ilé tí ẹ ó fi ìbéèrè yẹn gbà là yóò pọ̀ ju èyí tí ìbáwí ti gbà là rí.

Sí ẹgbẹ́ wa, ohun méjì ni a ń tọrọ nínú owó tí a dá jọ fún ìlera. Kí a mọ yàrá kékeré kan mọ́ ara ilé ìwòsàn wa, tí ó ní ilẹ̀kùn tí ń tì àti aṣọ títa, nítorí pé obìnrin kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níbi tí èrò ti tò sórí ìjókòó. Kí a sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù tí àwọn obìnrin yóò máa wá fún ìtọ́jú abẹ́ àti ilé ọmọ. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, bí ẹ bá ń bi wá ní ohun tí ẹ lè fi ránṣẹ́, ibùsùn àyẹ̀wò kan àti àtùpà rẹ̀ yóò wúlò ju aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ.

Àwọn baba wa dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ kí ìlú wa lè ní ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti omi. Ìlú kò sì lè tòrò kí ilé inú rẹ̀ máa gbóná. Kí Ọlọ́run fún àwọn ìyá wa ní ìlera, kí ó sì fún àwọn bàbá wa ní etí ìgbọ́ràn.  Àwa nìyí, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀.